Àárín Nìkan Ni Mo Wò: Bí Ìtọ̀ Ṣúgà Ṣe Fẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ jókòó kí ẹ ka èyí dé òpin. Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Mo kọ ọ́ nítorí pé mo ṣe àṣìṣe kan tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má ṣe, àṣìṣe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ òsì mi lọ. Àìsàn yìí ò tíì borí mi. Ìtìjú náà ò ní borí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀yọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni mo ń gbé títí di òní, nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ kí ó tó di olóògbé. Ọmọ mi obìnrin, Bùnmi, ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Under G, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Òǹgbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo ń mu omi inú ọ̀rá márùn-ún kí ọ̀sán tó pọ́n, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúrò ní ìjókòó iwájú tí gbogbo ìjọ mọ̀ mọ́ mi, mo lọ ń jókòó nítòsí ilẹ̀kùn kí n lè máa jáde láì dí ìwàásù lọ́wọ́. Ara mi ń fọn, aṣọ mi ń já sọ̀ọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì ń yìn mí. "Mà, ẹ tún ti di ọmọge," ni wọ́n ń wí. Inú mi ń dùn. Ọjọ́ tí mo rí èèrà tí wọ́n bo ilẹ̀ balùwẹ̀, níbi tí ìtọ̀ mi ta sí, ni inú mi ò dùn mọ́. Mo ti rí irú èèrà bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé àbúrò bàbá mi. Ẹsẹ̀ kan ni a fi sin ọkùnrin náà. Ìtọ̀ ṣúgà ló gba ìkejì.

Bùnmi ò jẹ́ kí n wí àwíjàre. Ó ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó lọ, kí òun lè máa mójú tó mi. A ti dé ibẹ̀ kí aago méje tó lù, síbẹ̀ ọgbọ̀n ènìyàn ló ti wà níwájú wa. Káàdì ni wọ́n ń tò sórí tábìlì bí oníkálukú ṣe ń dé, ẹni tó bá sì dìde lọ wá nǹkan jẹ, kí ó mọ̀ pé wọ́n lè pe orúkọ òun kọjá. Ẹ̀rù tó bà mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn ju èyí tó bà mí nígbà tí mo gbọ́ èsì lọ. Èsì náà jẹ́ 287, bẹ́ẹ̀ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 100 ní òwúrọ̀. Dókítà fún mi ní oògùn oníhóró, ó kọ́ mi ní oúnjẹ tí n ó máa jẹ, ó sì ní kí n máa wọn ṣúgà mi ní òwúrọ̀ kí n tó fi nǹkan kan ẹnu. Bùnmi ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ fún mi.

Ẹ mọ̀ wá, àwa olùkọ́. Mo fa ìlà sínú ìwé kan, ọjọ́ ní ọwọ́ òsì, nọ́ńbà ní ọwọ́ ọ̀tún, mi ò sì fo ọjọ́ kan. Oṣù kejì ni nọ́ńbà mi bọ́ sílẹ̀, tí òǹgbẹ lọ, tí mo padà sí ìjókòó iwájú.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjà Igbó ló ti ń ta ẹyin, Ìyá Ẹlẹ́yin ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko, n kì í sì í já a níyàn. Ó jókòó, ó wo oògùn mi lórí tábìlì.

"Àbẹ̀ní, ìgbà wo lo máa mu àwọn wọ̀nyí tán?"

"Wọ́n ní títí ayé ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n ti sọ ọ́ di oníbàárà nìyẹn. Èmi náà ń tajà, mo mọ bí a ṣe ń dá oníbàárà dúró."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìgò kan yọ nínú báàgì rẹ̀, omi inú rẹ̀ dúdú, ó korò débi pé òórùn rẹ̀ nìkan gba ẹnu mi. Ó ní ọkùnrin kan ló ń tà á ní oríta ọjà, ó ní ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mu ún, ṣúgà rẹ̀ já sí 96.

"Ṣé ìwọ náà ò fẹ́ rí 96 ni?"

Mo fẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí 96 rí pẹ̀lú oògùn ilé ìwòsàn. Mo sì fẹ́ kí inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Mo wá ronú pé mo rí ọ̀nà tí kò ní ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á dán an wò. N ó fi ìgò yín nìkan ṣe òwúrọ̀ mọ́kànlá, n ó fi wé òwúrọ̀ mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn nínú ìwé mi. Èyí tó bá dára jù ni n ó máa lò."

"Ìṣirò ò lè pa irọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Òótọ́ ni, kò lè pa irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é lè jí ìdajì rẹ̀ gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe irú ìdánwò yìí lára yín. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ oògùn, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, títí kan Bùnmi.

Bí ìgò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí mo bá mu ún lónìí, n ó ṣu títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, n kò ní lè jẹun, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nọ́ńbà mi á já wálẹ̀ gan-an. Ọjọ́ tí inú mi bá rọlẹ̀ tí mo sì jẹun bí ènìyàn, nọ́ńbà á fò sókè. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mọ́kànlá pé, mo to ti ìgò láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, mo to ti ilé ìwòsàn bákan náà, mo sì mú èyí tó wà láàárín gan-an, ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ilé ìwòsàn jẹ́ 142. Ti ìgò jẹ́ 139.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "Tiyín ló borí. Ó fi mẹ́ta dín sí tiwọn."

"Mo ti sọ fún ọ. Nígbà tí o bá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, wá gba kiréètì ẹyin kan."

Bí mo ṣe dá oògùn dúró pátápátá nìyẹn. Mo dá ìwọ̀n òwúrọ̀ náà dúró pẹ̀lú, nítorí pé bébà kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ náà wọ́n, ìdánwò sì ti parí lójú tèmi. Bí Bùnmi bá pè, tó bá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" n ó ní mò ń lò ó. Olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mò ń parọ́ fún ọmọ tèmi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo wọ bàtà tuntun kan lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa. Bàtà náà fún mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ó bà mí lẹ́rù: bàtà bó mi lẹ́sẹ̀, kò dùn mí. Ìka kékeré ẹsẹ̀ òsì ló bó. Mo fi ọtí tí wọ́n fi ń fọ egbò nù ún, mo fi aṣọ wé e. Ọ̀sẹ̀ kan, kò jiná. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dúdú. Nígbà tí Bùnmi wá ní ọjọ́ Sátidé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Mọ́mì, kí ló ń rùn nínú ilé yìí?"

 Ó tẹ̀ lé òórùn náà títí ó fi dé ìdí àga mi, ó kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà.  Ó dìde, ó lọ pe ọkọ̀.

Dókítà tó rí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìka yìí ti kú, mà. Tí a bá yọ ọ́ kíá, a lè dá ẹsẹ̀ yín sí. Tí a bá jẹ́ kí ó gòkè sí i, ibí ni a máa ti gé ẹsẹ̀." Ó fi ìka rẹ̀ fa ìlà kọjá ojúgun mi, ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Mo rí àbúrò bàbá mi lójú inú.

Wọ́n ní kí n dúró lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi rí ibùsùn fún mi. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ mi sílẹ̀ wọn ṣúgà mi, ó rí 341, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Mà, ẹ ò lo oògùn yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní, "Mi ò kàn dá a dúró bẹ́ẹ̀. Mo ṣe ìwádìí. Mo ní ẹ̀rí."

"Ẹ̀rí kẹ̀?"

Mo ní kí Bùnmi mú ìwé mi jáde nínú báàgì mi, níbi tó máa ń wà. Mo fẹ́ fi han nọ́ọ̀sì yìí pé òun kọ́ ló máa kọ́ mi ní ọgbọ́n. Mo wá rò pé nọ́ńbà nìkan kò ní yé e, kí n kúkú yà á fún un ní àwòrán àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ to nọ́ńbà yín láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ mú èyí tó wà láàárín gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ mú èyí tó wà láàárín àwọn tó kéré sí i, kí ẹ sì mú èyí tó wà láàárín àwọn tó pọ̀ jù ú lọ. Ẹ ya àpótí kan láti orí àárín ìsàlẹ̀ yẹn dé orí àárín òkè, kí ẹ fa ìlà kan sínú rẹ̀ níbi àárín gan-an. Kí ẹ wá na apá kan jáde dé orí nọ́ńbà tó kéré jù, kí ẹ na apá kejì dé orí èyí tó pọ̀ jù. Nọ́ńbà márùn-ún péré ni gbogbo rẹ̀. Ìlà inú àpótí ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dá lé. Gígùn àpótí ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà dúró sójú kan tàbí ó ń fò kiri. Ẹni tó bá ń fi àpótí méjì wéra gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì. Ọmọ tó bá sọ ti àárín nìkan nínú ìdánwò mi, ìdajì máàkì ni mo máa ń fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀gá ilé ìwé.

Mo gbé ìwé lé orí itan, mo fa ìlà kan láti 80 dé 300, mo sì ya ti ilé ìwòsàn sókè rẹ̀. Ó kéré jù ní 118, ó pọ̀ jù ní 166. Àpótí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 131, ó parí ní 153. Ó kúrú, ó sì wà lójú kan bíi páálí ìṣáná.

Mo bẹ̀rẹ̀ ti ìgò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 84. Àpótí bẹ̀rẹ̀ ní 97. Mo ń fà á lọ. Mo kọjá ibi tí àpótí ti òkè parí sí, mo ṣì ń fà á lọ. 200, mi ò tíì dúró. 236 ni àpótí tó parí, apá rẹ̀ kejì sì lọ dé 298, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ìwé. Ìlà àárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ohun tó kù ò jọra rárá.

Ọwọ́ mi dúró. Nínú òwúrọ̀ mọ́kànlá, márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ mi ti kún fún ṣúgà ju ọjọ́ tó burú jù nínú ti ilé ìwòsàn lọ. Ebi ló fa àwọn nọ́ńbà kékeré yẹn, ìgò kọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé mi láti oṣù méjì sẹ́yìn. Àárín nìkan ni mo wò.

Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn èjìká mi, ó wo ìwé náà. "Mà, èwo ni èyí tó gùn bíi tírélà yìí?"

"Ìgò ni," mo ní. "Ẹ má bínú. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ẹ béèrè."

Ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọjà kí wọ́n tó gbé mi wọ wọ́ọ̀dù. Ẹnìkan ti sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gé mi. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kí ó tó rí mi.

"Wọn ò ní gé ọmọ ìyá mi. Bùnmi, gbé báàgì. Ọkùnrin onígò yẹn ní òun ní èyí tí wọ́n ń rọ sójú egbò, kì í gé ènìyàn."

"Bíìgì Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni Bùnmi wí.

"Ìwọ dákẹ́. Ta ló gbé ìyá ẹ pọ̀n?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì mí. Mo fẹ́ bi yín nípa ẹyin."

"Ẹyin báwo? Àsìkò ẹyin nìyí?"

"Àwọn àgbẹ̀ méjì ló ń gbé ẹyin wá fún yín. Tí ẹ bá wo ẹyin tó wà láàárín nínú kiréètì ti ẹnìkìíní àti ti ẹnìkejì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ti ẹnìkìíní, gbogbo rẹ̀ ló jọra. Ti ẹnìkejì, òmíràn dà bí ẹyin ẹyẹlé, òmíràn tóbi débi pé kò wọ ihò kiréètì. Ti ta ni ẹ máa rà?"

Ó wò mí bíi pé ara mi ò dá. "Ti ẹnìkìíní, kí ló tún kù? Ti ẹnìkejì á fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn tó tóbi jù yẹn ló máa ń fọ́."

Mo fi àwòrán náà lé e lọ́wọ́. "Ti ilé ìwòsàn rèé lókè. Ti ìgò ló wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn ọjọ́ tó tóbi jù ló fọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ àpótí gígùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì padà tọ ti kúkúrú. 

"Èmi ni mo gbé ìgò wá," ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ìgò wá. Èmi ni mo ṣe ìṣirò."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ tí wọ́n gbé wá. Mi ò jẹ́ kí Bùnmi bá mi fọwọ́ sí i, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìpàdé ẹbí lórí rẹ̀. Wọ́n yọ ìka náà ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò dé ọjà.

Mi ò ní tàn yín pé ó rọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi wẹ egbò náà. Owó tí mo fi pamọ́ láti tún òrùlé ilé ṣe bá a lọ, òrùlé ṣì ń jò. Àwọn kan wá kí mi, wọ́n rọra sọ pé ọwọ́ ayé ni, kí n lọ wádìí ẹni tó ṣe mí. Mo ní, "Bàtà tuntun ló ṣe mí, èmi ni mo sì rà á." Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kì í gbára lé oògùn. Mo bi í pé ta ló dá ẹni tó ṣe oògùn. Mo gbàdúrà púpọ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn, mo sì mu oògùn mi lẹ́yìn àdúrà kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kan àti ààbọ̀ nìyí. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lára mi. Ìka mẹ́sàn-án ni mo fi ń rìn, mo sì ń rìn, láti ilé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì àti àbọ̀, nínú bàtà tó bò mí lẹ́sẹ̀, tí mo máa ń ti ọwọ́ bọ̀ yẹ̀wò kí n tó wọ̀ ọ́. Lálaalẹ́ ni mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi nínú dígí. Àpótí mi ti oṣù yìí bẹ̀rẹ̀ ní 113, ó parí ní 129, ìlà inú rẹ̀ wà ní 121. Mi ò rí 96 láti ìgbà náà, mi ò sì wá a mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ wọn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Tirẹ̀ náà ga. Oògùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kiréètì ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù, Bùnmi ló ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, mò ń retí kí wọ́n pe káàdì mi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba jókòó tì mí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Tèmi ti lọ o, mà. 97 ni mo rí lánàá. Mo kàn wá dágbére fún wọn ni."

"Ẹ kú oríire, sà. Ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣáájú àná ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ò ṣe pàtàkì. Wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sílẹ̀."

Mo tú okùn bàtà mi. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo na ẹsẹ̀ òsì sí iwájú rẹ̀. Ó fi ojú ka ìka mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ nínú sálúbàtà.

"Mà," ó ní, "nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn wà lórí fóònù mi. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe?"

"Ẹ kó wọn jáde, sà," mo ní, mo sì sún mọ́ ọn. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù."